Tonton Tó Ń Gbé Ilé Wa

A pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dá wa dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má bú wa. Níbi tí wọ́n ti ń fọ́ kajú lẹ́yìn ìlú Tchaourou, àṣà wa ni pé tí ọ̀gá bá ti fi Faransé sọ̀rọ̀ tán, gbogbo wa á pàtẹ́wọ́, ẹni tó gbọ́ àti ẹni tí kò gbọ́. Lọ́jọ́ náà ó ka ìwé kan, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ní kajú ti tán nílẹ̀, kí a máa lọ sílé títí wọn ó fi ránṣẹ́ pè wá. Èmi tí mo jẹ́ olórí àwọn tó ń fọ́ kajú, iwájú ni mo dúró sí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké, síbẹ̀ àtẹ́wọ́ tèmi ló kọ́kọ́ dún. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń pa á, ọwọ́ kì í béèrè lọ́wọ́ mi mọ́.

Nínú ọdún mẹ́rin yẹn, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni mo ti ń jáde. Tí mo bá fi máa dé, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, tí ìyàwó mi bí lọ́dún tí mo wọṣẹ́, á ti sùn fọnfọn. Tí kajú bá pọ̀, a kì í mọ ọjọ́ ìsinmi.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni mo délé lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà wò mí látòkè délẹ̀, ó wọlé, ó fi ife tó dáa jù nílé bu omi wá, ó sì kúnlẹ̀, ó pè mí ní tonton, bí àwọn ọmọ ibí ṣe ń fi Faransé pe ọkùnrin tí kì í ṣe bàbá wọn.

"Tonton, ẹ kú àbọ̀. Màmá àti ìyá àgbà lọ ọjà."

Mo ní, "Èmi ni bàbá rẹ."

"Non, tonton. Bàbá mi wà níbi iṣẹ́."

Ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣọ́ mi kí n má baà gbé rédíò. Wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Èmi délé, wọ́n fún mi lómi àlejò. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí ju ìwé ọ̀gá lọ. Mo búra pé kí wọ́n tó pè mí padà síbi iṣẹ́, ọmọ yìí á pè mí ní bàbá.

Bisikíìtì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo rà á fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. "Tonton, ẹ ṣé o," ló ń wí lójoojúmọ́. Ìyá mi, tó ń bá wa gbé, ló là mí lójú.

"Àlejò ní í ra bisikíìtì. Bàbá ní í sọ pé kò sí. Lọ wẹ̀ ẹ́."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé ọṣẹ àti kànìnkànìn, mo mú un lọ sẹ́yìn ilé. Ọṣẹ kó sí i lójú. Ó figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Tonton fẹ́ pa mí!" Àwọn obìnrin àdúgbò ya dé, ọ̀kan mú orógùn dání. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ẹ máa padà, bàbá rẹ̀ ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a dúró níbi iṣẹ́ ni, kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe."

Lẹ́yìn ìyẹn mo ń gbé e lọ sóko iṣu tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa lábúlé Sanson. Èmi tí mo ń pàṣẹ fún ogójì èèyàn, ìtàkùn iṣu mẹ́ta ni mo fi ọkọ́ gé mọ́ koríko láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Ẹ tún ti pa ọ̀kan!" ló ń pariwo. Nígbà tí a délé, ó fẹjọ́ mi sun ìyá rẹ̀. Látọjọ́ náà kò kúnlẹ̀ fún mi mọ́. Tí mo bá ní òùngbẹ ń gbẹ mí, á fi ẹnu júwe ìkòkò omi. Ẹja inú ọbẹ̀ mi, òun ló ń mú un jẹ. Kò pè mí ní tonton mọ́, ṣùgbọ́n kò pè mí ní bàbá. "Ẹ̀yin yẹn" ló ń pè mí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan mo wà nínú yàrá nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́.

"Ọmọ dáadáa, ta ló wà nílé?"

Ọmọ mi dáhùn, "Kò sẹ́nìkankan o, tonton. Bàbá mi nìkan ni."

Mo jáde. Ọkùnrin náà ti jókòó, ife tó dáa wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi kún un. Kò sẹ́ni tó bu omi fún mi.

Ó ní kajú tuntun ti dé, ọ̀gá ń retí mi lọ́la, ṣáájú àsùbáà, bíi ti tẹ́lẹ̀.

Mo ní, "Bá mi kí ọ̀gá. Sọ fún wọn pé o ò bá ẹnìkankan nílé."