Ilẹ̀kùn Tó Ń Dáhùn Àgò

Ọlọ́run tó fi òrùlé bo orí wa, tí kò jẹ́ kí a darúgbó sílé ayálégbé, Òun ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun.

Mo rántí ìgbà tí èmi àti àbúrò mi obìnrin ra ilé tuntun sí àdúgbò kan náà ní Adigbe. Ilé méjèèjì jọra bí ìbejì, àfi pé ẹni tó kọ́ wọn ní ẹni tó bá fẹ́ lè gba ilẹ̀kùn ìgbàlódé: bí àlejò bá dúró síwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ á yọ lórí fóònù onílé níbikíbi tó bá wà, onílé á gba inú ilẹ̀kùn bá a sọ̀rọ̀, á sì ṣílẹ̀kùn fún un. Èmi kọ̀ ọ́. Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ tí bàbá wa lò nílé wa ní Kemta, ṣé olè gbé wa lọ ni?" Àbúrò mi gbà á. Láti ìgbà náà, gbogbo àlejò mi ló ń kọ́kọ́ yà lọ wo ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn akọrin ìjọ wa pàápàá dúró níbẹ̀, wọ́n ń bá ilẹ̀kùn ṣàwàdà. Inú mi ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ fi borí rẹ̀: màámi. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn ilé Kemta mọ́, wọ́n sì ní àwọn máa wo ilé àwa méjèèjì kí àwọn tó yan ibi tí àwọn máa gbé. Mo tún yàrá ṣe, mo gbé Bíbélì àti ìwé orin sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ kò lè fa àgbàlagbà mọ́ra.

Ọjọ́ tí wọ́n dé, kò síná. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo wà ní kíṣìnì, mo ń ro láfún tí wọ́n fẹ́ràn. Màámi kágò, n kò gbọ́. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n ní tiwọn, ẹni tí kò bá gbọ́ "àgò yà" kì í wọlé onílé, ìbáà jẹ́ ilé ọmọ rẹ̀. Oòrùn pa wọ́n títí, wọ́n yà sí ilé kejì. Àbúrò mi wà níbi iṣẹ́.

"Àgò onílé o!"

"Àgò yà o, màámi! Ẹ káàbọ̀, ẹ máa wọlé," ni ilẹ̀kùn dáhùn.

Nígbà tí mo jáde, tí mo gbóhùn wọn, tí mo sáré dé ibẹ̀, wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n ti fẹ̀yìn ti àga.

"Màámi, ẹ̀rọ lẹ bá sọ̀rọ̀ yẹn o!"

"Ẹ̀rọ kẹ̀? Ó mà gbẹ̀kọ́ o, 'ẹ' ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tìrẹ ńkọ́, kí ló wí?"

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín láti inú ilẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ bá wa gbé láfún náà wá."

Mo gbé e lọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni màámi ń gbé di òní.

Owú náà kò tíì tán nínú mi, mo ń gbé e lọ síwájú Olúwa. Ṣùgbọ́n màámi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fóònù dáhùn ní ilẹ̀kùn ọ̀hún. Bí mo bá kágò báyìí, àwọn fúnra wọn ló ń dáhùn: "Àgò yà, ọmọ mi." Nígbà mìíràn mo máa ń tún un ké, bí ẹni tí kò gbọ́, kí n lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹnu ọ̀nà ire tí ẹ bá dúró sí, ẹ ó gbọ́ "àgò yà" níbẹ̀ lágbára Olúwa. Àmín.