Ọ́ìlì Lọ́rì Tí Mo Dà Sínú Jíìpù Màmá

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sórí tàpólì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní àgbàlá ìyá oníkòkó tí mo ń wa mọ́tò fún ní Ore. Ó máa ń kan díẹ̀ bí ọtí, eruku ọ̀nà márosẹ̀ á sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Àárín òórùn yẹn ni a gbé jíìpù tuntun wọlé láti Èkó, tí ọ̀rá ṣì wà lára àga rẹ̀. Màmá fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà lọ ra kòkó ní Ajue àti Araromi-Obu. Àwọn nìkan ló mọ iye òjò tó ti pa wọ́n kí wọ́n tó ra mọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò lò rí.

Èmi, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, ìwé mi ò jìnnà. Ẹ̀yìn lọ́rì agbégẹdú ni mo ti kọ́ṣẹ́. Níbẹ̀, ọwọ́ la fi ń dán ọ́ìlì wò: wàá kán an sórí àtàǹpàkò, wàá fi ìka tó tẹ̀ lé e pa á, bí kò bá fà, ọ́ìlì yẹn ò dára nìyẹn. Nígbà tó tó àkókò láti pààrọ̀ ọ́ìlì jíìpù, mo dán èyí tí ọkùnrin tó ta mọ́tò fún wa kó lé e wò. Ó ń ṣàn bí omi.

"Màmá, èyí ò lè gbé e. Ẹ jẹ́ ká ra ti lọ́rì, èyí tó ki."

"Ṣé ohun tí ìwé mọ́tò wí nìyẹn?"

"Àwọn tó kọ ìwé yẹn ò dé Ajue rí, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n ṣe bó bá ṣe yẹ. Èyí tó ń dùn mí jù títí dòní nìyẹn: wọ́n bi mí, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Irú ọ́ìlì tó yẹ wà lára ìdérí ojú ibi tí à ń da ọ́ìlì sí lórí ẹ́ńjìn gan-an. Mo rí i. Mo da ti lọ́rì sí i, mo dé e padà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìn bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́-kọ́-kọ́ láàárọ̀. Mo ní ara rẹ̀ ò tíì yá ni. Àfi ọjọ́ kan tí à ń bọ̀ láti Ajue, iná pupa kan tàn níwájú mi, ariwo náà wá le bí ẹni ń lu agolo, ọkọ̀ ò sì lágbára mọ́. Mo pa á lójú ẹsẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa nìyẹn. Ọkọ̀ mìíràn ló wọ́ wa dé Ore.

Màmá ò bá mi wí rárá. Wọ́n ní ọkùnrin tó ta mọ́tò ló rẹ́ àwọn jẹ. Wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, àwọn á gbé orúkọ ẹ̀ lọ sílé àdúrà, kí gbogbo ìjọ bá àwọn ké pe Ọlọ́run lé e lórí. "Ìwọ náà á wá ṣe àmín." Mo mọ ilé àdúrà yẹn, mo mọ bí àwọn ìyá ibẹ̀ ṣe ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dùn wọ́n. Ọkùnrin náà ò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Jímọ̀ mọ́, Màmá ti wọ aṣọ funfun. Mo dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má mú orúkọ ẹ̀ lọ, mà. Èmi ni. Ọ́ìlì lọ́rì ló ba ẹ́ńjìn jẹ́. N ò mọ̀ ọ́n, mo kàn ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ni."

Màmá ní, "Dìde. Ta ló wá mọ̀ ọ́n?"

A lọ bá Àlàájì kan tó ń tún mọ́tò ìgbàlódé ṣe lẹ́bàá títì. Ó ṣí ẹ́ńjìn, ó tọwọ́ bọ ọ́ìlì, ó fà á sókè, ó wò mí.

"Dírẹ́bà, ṣé ọbẹ̀ ilá lo sè fún un ni?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Màmá náà rín in díẹ̀. Àlàájì wá ṣàlàyé pé ihò tí ọ́ìlì ń gbà gòkè nínú irú ẹ́ńjìn yìí tín-ín-rín. Bó bá ki jù, kì í tètè dé òkè, irin á wá máa jẹ irin. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí. Mo ń retí kó sọ pé ẹ́ńjìn ti kú.

"Òkè nìkan ló jẹ. Ìsàlẹ̀ ò ní nǹkan kan. Ká ní ẹ wà á wálé lọ́jọ́ yẹn ni, ẹ́ńjìn mìíràn lẹ̀ bá máa wá."

Mo jókòó sórí táyà kan. Ara mi fúyẹ́ débi pé mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún.

Nígbà tí wọ́n tún un ṣe tán, Màmá wọ ẹ̀yìn jíìpù, wọ́n ní, "Ìwọ lo júwe ọ̀nà, èmi ni mo tẹ̀ lé ọ. Wa mọ́tò." Kò jùyẹn lọ.

Láyé ọjọ́un, mo gbà pé dírẹ́bà tó bá lè la ẹnu sọ pé òun ò mọ nǹkan kan ti ta iṣẹ́ rẹ̀ nù. Ọ̀rọ̀ tí mo ń sá fún yẹn gan-an ló dá iṣẹ́ mi padà fún mi. Bí wọ́n bá bi mí ní nǹkan ní gáréèjì báyìí tí n ò mọ̀ ọ́n, mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Oorun mi sì ń dùn.