Nígbà Tí Ìpéǹpéjú Mi Wú

Nígbà tí mo wà ní kékeré, lábúlé wa lẹ́bàá Kàbà, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo ń gbé. Ìyé ni gbogbo wa ń pè é. Àwọn òbí mi wà ní Kàdúná níbi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún Kérésì nìkan ni mo máa ń rí wọn. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ni mo ní, ọmọbìnrin ilé kejì sí tiwa. Àwa méjèèjì la jọ ń pọnmi, la jọ ń lọ síléèwé.

Lọ́dún kan, bí ọyẹ́ ṣe dé, ìpéǹpéjú mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Bí mo ṣe ń fọwọ́ ra á, bẹ́ẹ̀ ló ń pọ́n, tó ń wú sí i. Tílẹ̀ bá fi máa mọ́, ìpin á ti lẹ irun ojú mi pọ̀, n kò ní lè lajú. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rù ń bani o, kéèyàn jí kó má rí ìmọ́lẹ̀.

Ọjọ́ tí ìyá ọ̀rẹ́ mi rí mi, ó fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. "Àpólò ni! O ò gbọdọ̀ bá a ṣeré mọ́." Láti ọjọ́ náà, èmi nìkan ni mò ń lọ sódò. Níléèwé, tíṣà ní kí n lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Mò ń gbọ́ báwọn yòókù ṣe ń kàwé, n kò rí ohun tó wà lójú pátákó.

Ìyé lé tìróò fún mi, ó tún le sí i. Ló bá mú mi wọ mọ́tò lọ sílé ìwòsàn ní Ẹ̀gbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan gbé ìpéǹpéjú mi sókè, ó wò ó dáadáa, ó wá kí Ìyé bí a ṣe ń kíni lágbègbè wa.

"Okun o, Mama. Kì í ṣe Àpólò, èyí kì í ràn. Àwọn ihò kéékèèké tí ọ̀rá ń gbà jáde létí ìpéǹpéjú ló dí."

"Ṣé kò ní fọ́jú?" Ìyé béèrè, ó fà mí mọ́ra.

"Rárá o. Ẹ ki aṣọ mímọ́ bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ gbé e lé e lójú títí èépá á fi rọ̀, kẹ́ ẹ wá rọra nù ún, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ má fi tìróò sí i mọ́, kóun náà má fọwọ́ ra á. Ó lè lọ kó tún padà wá. Ẹ má jẹ́ kó sú yín. Tó bá ń dùn ún gan-an, tàbí tí kò ríran dáadáa, ẹ tètè mú un wá."

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyé ṣe. Kó tó lọ sóko, á gbé orí mi lé itan rẹ̀, á máa nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Díẹ̀díẹ̀, ojú mi là. Mo gbé garawa, mo sáré lọ pe ọ̀rẹ́ mi. Ó ti bá ọmọ mìíràn lọ sódò. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé nọ́ọ̀sì ní kì í ràn. "Ó dáa, ọmọ mi," ló sọ, ó sì wọlé lọ. Àwa méjèèjì ò jọ pọnmi mọ́.

Mo ti darúgbó báyìí, ayé sì ti yí padà. Kẹ́míìsì kún ìgboro Kàbà. Ìyé ti lọ sọ́run, àwọn ọmọ mi wà ní Àbújá. Nígbà tí ìpéǹpéjú mi tún yọ mí lẹ́nu lọ́yẹ́ tó kọjá, inú fóònù ni ọmọ-ọmọ mi ti wo ojú mi. "Mama, ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀." Mo sún mọ́ ọn. A sọ̀rọ̀ tán, ilé pa rọ́rọ́. Láyé ìgbà yẹn, àwọn èèyàn ń sá fún mi. Lónìí, kò sẹ́ni tó wà nítòsí tí yóò sá.