Ìtàn tí À Ń Fò Kọjá ní Ṣọ́ọ̀bù Géèmù

Òórùn dòdò ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù géèmù tí mo ń sọ yìí, ní Ìkirè, létí títì. Obìnrin tó ń dín in wà níwájú ilẹ̀kùn gan-an, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá àlà ń dúdú lọ nínú epo, ata rẹ̀ sì ń ta wá nímú níbi tá a jókòó sí. Bó o bá fi èéfín jẹnẹrétọ̀ kún un, wàá mọ irú ibi tá a ti lo ìgbà èwe wa. Mo ti jáde ilé ìwé girama nígbà náà, mo ń retí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí kò pè mí, ara mi kì í sì í balẹ̀ nílé. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n. Bí màmá mi bá rán mi níṣẹ́, ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo máa ń gbà, kódà bó jẹ́ òdìkejì ìlú ni wọ́n rán mi sí.

Géèmù kan ṣoṣo ló gba gbogbo wa lọ́kàn níbẹ̀. Ìwọ náà á mọ irú rẹ̀: ọmọ ogun kan tó gbé ìbọn, tó ń wọ ọkọ̀ òfurufú láti ayé kan bọ́ sí òmíràn, tó ń yìnbọn fún àwọn ẹ̀dá abàmì kan tí ojú wọn pọ̀ bíi ti aláǹtakùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń gbé e jáde, apá kan ń tẹ̀ lé òmíràn, a sì ti ta apá kìíní àti ìkejì tán. Òfin ṣọ́ọ̀bù kò le. Ẹni tó bá kú á dìde, á gbé páàdì fún ẹni tó kàn. Nítorí pé àwọn tó ń dúró máa ń pọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn èèyàn inú géèmù sọ̀rọ̀ tán. Bí ọmọ ogun náà bá ti ṣí àṣíborí, tó la ẹnu báyìí, gbogbo ilé á pariwo: "Fò ó! Fò ó jàre! Ṣé sinimá la wá wò ni?" A ó tẹ bọ́tìnnì, ọ̀rọ̀ á parẹ́, ìbọn á tún máa dún. A pa àwọn ẹ̀dá yẹn lọ súà, a ò sì mọ ohun tí wọ́n fi ṣẹ̀ wá.

Ọ̀rẹ́ mi tó mọ̀ ọ́n ta jù nínú wa ló já bọ́ lórí ọ̀kadà lọ́nà Gbọ̀ngán, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kán. Àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sí Àpòmù, sílé màmá àgbà kan tó ń to eegun, tí òkìkí wọn ti kàn dé Ìkòyí àti Orílẹ̀-Òwu. Màmá náà ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ títí àwọn yóò fi sọ pé ó yá. "Bó bá kánjú," ni wọ́n wí, "yóò máa tiro títí ayé." Ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù bà mí. Kò dẹ́rù ba ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tí kì í lè jókòó jẹun tán ló jẹ́ tẹ́lẹ̀; kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ tó fi ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá ọlọ́kadà tí yóò gbé òun sá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni apá kẹta géèmù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, ẹnu mi ò sì gbà á dúró, mo sọ fún un.

Ó dìde jókòó lórí ẹní. "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?"

"Ó ń yìnbọn," ni mo dáhùn.

"Mo mọ̀ pé ó ń yìnbọn! Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mi ò mọ̀. Màmá tó ń fi òrí ra á lẹ́sẹ̀ náà gbójú sókè, wọ́n ní, "Ta ló rán ọmọ ogun náà níṣẹ́? Àbí kò ní ará ilé ni?" Mo ti ń bá ọkùnrin yẹn rìn láti apá kìíní, mo ti bá a kú àìmọye ìgbà, mi ò sì lè sọ bóyá ó ní ìyá. Ojú tì mí díẹ̀. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń jẹ mí lára ni pé èmi náà fẹ́ mọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, àárọ̀ ni mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí èrò tó dé. Jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ tẹlifíṣàn ni mo ń kà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ọmọ ogun náà ń wá. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un pé àwọn ẹ̀dá olójú púpọ̀ ló jí i gbé nígbà tó wà ní kékeré. Mo sáré wọ ọkọ̀ lọ sí Àpòmù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bí mo ṣe la ẹnu, màmá gbé ọwọ́ tó kún fún òrí sókè.

"Dúró ná. Ṣé àlọ́ lo fẹ́ máa pa nínú ilé mi lọ́sàn-án gangan?"

O mọ̀ pé àwọn àgbà kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Mo ní, "Kì í ṣe àlọ́, màmá. Ìtàn ni."

"Bó bá jẹ́ ìtàn, a jẹ́ pé ó ṣẹlẹ̀. Ìlú wo ló ti ṣẹlẹ̀? Ọba wo ló wà lórí oyè?"

"Kò tíì ṣẹlẹ̀, mà. Ó di ìgbà tí àwọn èèyàn bá ń gbé nínú ìràwọ̀."

Wọ́n tún bu òrí sọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi ń wò wọ́n bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Wọ́n wá ní, "Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ kì í ṣe àlọ́. A ò mọ̀ bóyá yóò ṣẹlẹ̀. Máa sọ ọ́ lọ." Wọ́n sì di ẹsẹ̀ náà mú. Ìgbà tí wọ́n bá ń tò ó gan-an ni wọ́n máa ń ní kí n sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ mi á wa eyín pọ̀, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, síbẹ̀ á máa sọ pé, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Nígbà mìíràn, màmá fúnra wọn ló máa ń dáwọ́ dúró láti bi mí pé ṣé ọmọ náà ṣì wà láàyè.

Níjọ́ tí mo dé ìparí apá kẹta, ṣọ́ọ̀bù ti kún. Ọmọ ogun náà rí àbúrò rẹ̀, ọmọbìnrin náà la ẹnu, ilé sì pariwo bó ṣe máa ń pariwo. Mo gbé páàdì sẹ́yìn mi. Wọ́n bú mi, ẹnì kan tilẹ̀ fà mí láṣọ ya, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ń jáde nísàlẹ̀ tẹlifíṣàn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń dákẹ́ láti kà á. Ẹnikẹ́ni ò jí i gbé. Àwọn ọ̀gá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ló dáná sun ayé àwọn ẹ̀dá wọ̀nyẹn, àwọn ẹ̀dá náà ló sì fà á yọ nínú iná, tí wọ́n tọ́ ọ dàgbà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bú mi ní, "Ta wá ni à ń pa látọjọ́ yìí?"

Nígbà tí mo dé Àpòmù, ìta ni mo bá ọ̀rẹ́ mi. Báàgì wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi igi ti abíyá, ọlọ́kadà kan sì ti tan ẹ̀rọ sílẹ̀ dè é. Màmá ti lọ já ewé. "Ó ti sú mi," ló wí. "Mò ń lọ sí Ìkirè. Màá fojú ara mi rí òpin rẹ̀." Ó sanra jù mí lọ, mi ò lè fà á. Mo ń wo ẹsẹ̀ tí wọ́n fi pákó dè yẹn bó ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀. Mo kàn sọ pé, "Wọn ò jí àbúrò rẹ̀ gbé."

Ó dúró. "Kí lo wí?"

Mo ń sọ ọ́ lọ. Ọlọ́kadà ní, "Abeg, ẹ gùn ún ká máa lọ jàre," àmọ́ kò pẹ́ tí òun náà fi pa ẹ̀rọ kó lè gbọ́. Kí n tó dé ibi tí ọmọbìnrin náà ti ní òun ò ní bá ẹ̀gbọ́n òun lọ sílé, ọ̀rẹ́ mi ti jókòó sórí àga gbọọrọ, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Gbogbo àwọn tí mo pa wá ńkọ́?" Ó tún béèrè ohun tí ẹ̀gbọ́n ṣe. Mo ní ó ju ìbọn sílẹ̀, ó jókòó tì í, ibẹ̀ ló sì parí sí títí apá kẹrin yóò fi jáde. Ó ṣépè fún àwọn tó ṣe géèmù náà, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà. Bí màmá ṣe gbé ewé dé nìyẹn. Wọ́n wo báàgì, wọ́n wo ọ̀kadà, wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Ẹ gbé e wọlé fún mi." Èmi àti ọlọ́kadà la gbé e, ọkùnrin náà sì ń bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé ìgbà wo ni apá kẹrin ń bọ̀.

Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ń ṣe báyìí, ó ń rin oko kòkó já láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò sì tiro. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ni ìtàn ń wá nínú géèmù ìbọn, pé ẹni tó bá fẹ́ ìtàn kó lọ ka ìwé. Mi kì í bá wọn jiyàn. Ìbọn lè mú èèyàn jókòó títí yóò fi kú, tí yóò dìde fún ẹni tó kàn. Fífẹ́ láti mọ ohun tó kù nínú ìtàn àná ló mú ọ̀rẹ́ mi jókòó títí eegun rẹ̀ fi so pọ̀.