Èèpo Igi Oko Àtàndá

Ọmọ Ìlódè ni Àtàndá, àgbẹ̀ kòkó ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Bí Dókítà Ògúndèjì, olùkọ́ ìmọ̀ oògùn ní yunifásítì, bá wá bó èèpo igi kan nínú oko rẹ̀, yẹ̀yẹ́ ni yóò máa fi í ṣe: "Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ fẹ́ tú igi mi sí ìhòòhò!"

Lọ́dún 1994, Dókítà dé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní àwọn ti dán omi èèpo náà wò lára jẹjẹrẹ nínú abọ́ níbi iṣẹ́ àwọn: ó ń pa jẹjẹrẹ, kò sì fọwọ́ kan ara tó dáa. Àtàndá ò gbọ́ ìyókù mọ́. Àyọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní kókó jẹjẹrẹ lọ́mú, ó sì ti yarí pé ẹnikẹ́ni ò ní gé òun lọ́mú. Háà! Ṣé igi tí wọ́n ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ látọjọ́ yìí ni oògùn? Ó bó èèpo rẹpẹtẹ wálé, ó sè é lágbo, ìyàwó rẹ̀ ń mu ún láàárọ̀ lálẹ́.

Kí oṣù tó parí, kókó náà ti ń rọ̀. Àyọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ló mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀ fi kàn án. Inú wọn dùn dé ibi tó yẹ kó dùn dé. Àmọ́ ojú obìnrin náà pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, oúnjẹ ò sì wọlé mọ́.

Jìnnìjìnnì bo Àtàndá, ó forí lé yunifásítì.

"Ẹ ti fún ìyàwó yín mu kẹ̀?" Dókítà dìde dúró. "Bàbá! Nǹkan tó wà nínú èèpo yẹn kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan ń pa jẹjẹrẹ, òmíràn lè máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. A ò tíì rí wọn yà sọ́tọ̀."

"Tó bá wá dá a dúró, ṣé kókó ò ní padà?"

"Ẹ ní kó dá a dúró, kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́sibítù. Àmọ́ kí n má parọ́ fún yín, mi ò mọ ohun tí kókó yẹn máa ṣe."

Ta ni orí rẹ̀ ò ní dàrú? Ẹni tó sọ pé oògùn ni, òun náà ló tún sọ pé májèlé ni! Àtàndá ń dá sọ̀rọ̀ títí tó fi kọjá ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀, tó tún ṣẹ́rí padà.

Ó bá Àyọ̀kẹ́ lórí àpótí, ife àgbo lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Fisáyọ̀mi, kí ni wọ́n wí?"

Ó wo ojú tó pọ́n, ó rántí kókó tó ti rọ̀. Ó fẹ́ ní kó dà á nù. Ó fẹ́ ní kó mu ún.

Àyọ̀kẹ́ dúró, dúró.

"Ẹ ò kúkú ní kí n má mu ún," ló wí, ó sì gbé ife náà sẹ́nu, ó mu ún tán.