Ìdúró Kan Ṣáájú Agége

Ìyá tó bí màmá mi kò mọ̀wé, wọn ò sì gbà láti ní fóònù. Bí wọ́n bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Òṣogbo wá sọ́dọ̀ wa ní Ayọ̀bọ̀, ohun tí àwọn tó ń kiri bá gbé wá sójú fèrèsé ni wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n dé: ọsàn ní Ìbàdàn, àkàrà ní Láfẹ́ńwá, búrẹ́dì ní Agége. Tí wọ́n bá ti gbọ́ búrẹ́dì, wọ́n á gbé apẹ̀rẹ̀ wọn, ó di ilẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, èmi ni màmá mi ní kí n lọ pàdé wọn ní Agége. Màmá mi kìlọ̀ títí ó fi sú mi: ojú ìyá àgbà ti ń ṣe bàìbàì, wọn ò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n má bá mi níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde. Mo dúró ra bàtà òkìríkà ní Ìyànà Ìpájà, torí ta ni kò mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin kì í dé lásìkò? Ọjọ́ yẹn ló wá dé lásìkò.

Nígbà tí mo dé Agége, ọkọ̀ ti lọ. Àwọn tó ń ta búrẹ́dì nìkan ló kù nídìíkọ̀, wọ́n ní àwọn ò rí ìyá arúgbó kankan. Màmá mi pè, mo parọ́ pé ọkọ̀ kò tíì dé. Bàtà tó wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ mi ń bí mi nínú, àfi bíi pé òun ló pè mí.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbúrẹ́dì ló ní kí n yẹ Ìjú wò, ìdúró tó ṣáájú Agége. Ó ní ọkọ̀ náà pẹ́ níbẹ̀ kí òmíràn lè kọjá, àti pé àwọn oníbúrẹ́dì ti wà níbẹ̀ náà báyìí. Mo gun ọ̀kadà. Èmi tí mo máa ń fi ìrun jáfara, àdúà ni mò ń ṣe títí mo fi débẹ̀.

Mo bá ìyá àgbà lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi, búrẹ́dì méjì lórí itan wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bi wọ́n bóyá ẹ̀rù bà wọ́n.

"Ẹ̀rù kí ni, ọkọ mi? Búrẹ́dì ló tàn mí. Bí mo ṣe wò yíká tí mi ò rí ẹ, mo mọ̀ pé Agége kọ́ nìyí. Tó bá jẹ́ Agége ni, ò bá ti dúró dè mí."

Ojú tì mí. Mo ti ọ̀rá bàtà náà sábẹ́ bẹ́ńṣì, mo gbé apẹ̀rẹ̀ wọn, a sì lọ wọkọ̀. Abẹ́ bẹ́ńṣì yẹn ni mo fi bàtà náà sílẹ̀ sí.