Omi Àlùwàlá Bàbá Ọkọ Mi àti Firísà Tó Ń Géni Jẹ

Firísà àkọ́kọ́ tí mo ní, géni-géni ni. Àlòkù ni. Sokodé ni mo ti rà á, ẹni tó sì tà á fún mi búra pé ilé òyìnbó ní Faransé ló ti wá. Bóyá ìyẹn ló fà á tí kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fọwọ́ kan òun. Mo gbé e wá sí Kambolé láti máa fi ta ẹja dídì àti omi tútù. Obìnrin kan láti Goubi gbọ́wọ́ lé e, iná gbé e, ó ju abọ́ nù. Ó ní òun ti rí ọlọ́jà tó ń bú oníbàárà, òun ò tíì rí ọjà tó ń gbá oníbàárà létí. Láti ọjọ́ náà, ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti ń nàka sí ẹja. Àwọn mìíràn kúkú ń gun alùpùpù lọ sí Tchamba. Gbogbo ohun tí mo ní wà nínú àpótí funfun yẹn. Bí kò bá jáwọ́ nínú ìwà rẹ̀, ọjà mi ti parí nìyẹn.

Ọkọ mi ló ń ṣètò iná ilé wa nígbà náà, nítorí pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ gílóòbù. Bí iná ìlú bá lọ, yóò tan gúrúùpù, ìyẹn ẹ̀rọ amúnáwá wa, yóò ki wáyà rẹ̀ bọ ojú iná ara ògiri, gbogbo ilé á mọ́lẹ̀, àwa náà á pàtẹ́wọ́ fún un. Mo pe oníná kan, ẹni tó ń tún iná ṣe, wá láti Sokodé. Nígbà tó rí iṣẹ́ náà, ó kọ́kọ́ wá ìjókòó. Ó ní kí wọ́n fi ẹni tó ṣe é han òun, kí òun tètè kí i nígbà tó ṣì wà láyé. Ọkọ mi rántí pé òun ní iṣu kan tí òun fẹ́ lọ wò lóko.

Oníná ní iná gúrúùpù wa ń gba ara ògiri jáde lọ sí òpó ìta, ó sì lè pa ẹni tó bá ń tún wáyà ìlú ṣe. Ó fi súwíìṣì kan sí i tó ń já wáyà méjèèjì pa pọ̀, èyí tó ń gbé iná wá àti èyí tó ń gbé e padà, tí wọ́n ń pè ní nẹ́tírì, kí iná ilé àti iná ìlú má bàa pàdé mọ́ láé. Ó so nẹ́tírì gúrúùpù mọ́ ara gúrúùpù, ó wá fa wáyà láti ibẹ̀ àti láti ara firísà lọ sí ọ̀pá bàbà gígùn kan tí wọ́n máa rì mọ́lẹ̀. Ó ní iná tó bá ṣìnà gbọ́dọ̀ rí ilẹ̀ kí ó tó rí ọwọ́ èèyàn.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti dé, ilẹ̀ àgbàlá wa sì gan bí àpáta. Oníná ní ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná. Ó yí ilé po títí ó fi rí ibi kan ṣoṣo tó ṣì tutù: ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn yàrá bàbá ọkọ mi, níbi tí omi àlùwàlá Bàbá ń ṣàn lọ, lójú àgbàrá kékeré tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbẹ́. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè máa fọ ẹsẹ̀ nítorí Ọlọ́run kí omi àwọn lọ máa ṣiṣẹ́ fún ẹja. Oníná ṣàlàyé pé ọ̀pá náà yóò jìnnà sí òkúta tí Bàbá ń jókòó lé, òun yóò sì bò ó kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bàbá ń fa tẹ̀sùbáà wọn lọ ní tiwọn. Mo lọ kúnlẹ̀.

"Ìyàwó, ìgbà wo lo kírun Àìlá gbẹ̀yìn?"

Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, àsìkò ọ̀sán yẹn ni ọjà máa ń gbóná.

"Ọjà náà ló ń gé yín jẹ yẹn."

Ọ̀rọ̀ ara wọn pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí oníná máa rì í lọ.

Firísà dákẹ́ bí àgùntàn. Bàbá sì di ọ̀gá rẹ̀. Bí oníbàárà bá ń ṣiyèméjì, orí ẹní ni Bàbá yóò ti ké sí i pé kó fọwọ́ kàn án, àwọn ti ṣe àlùwàlá. Bàbá tó máa ń bá wa jà lórí omi tó bá dànù ló wá ń da ìyókù omi inú bùtà àlùwàlá wọn sójú àgbàrá díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń wò ó lọ bí ẹni ń fún ewúrẹ́ lómi. Títí di òní, bí ọyẹ́ bá ti ń mú ètè mi gbẹ, ìró bùtà yẹn ni mo máa ń gbọ́. Bí mo bá sì bu orí ẹja fún wọn dípò àárín, wọn á gbé bùtà kúrò nílẹ̀.

"Láti òní lọ, yanrìn ni n ó máa fi ṣe àlùwàlá. Kí ẹja rẹ lọ wá omi tirẹ̀."

Èmi náà á ní kí wọ́n lọ bi àfáà bóyá yanrìn tọ́ sí ẹni tó ní odindi kànga nínú ilé.

Ọyẹ́ ọdún kan, àìsàn mú Bàbá, ọmọ wọn obìnrin gbé wọn lọ sí Sokodé, nítòsí ilé ìwòsàn. Gbogbo wa ń sáré kiri, ẹnikẹ́ni ò rántí ojú àgbàrá. Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan tí iná ìlú wà, mo fara ti firísà, ó gé mi jẹ bíi ti àtijọ́. Mo pe oníná lórí fóònù. Ó bi mí nípa wáyà, mo ní kò sí èyí tó já. Ó wá béèrè.

"Bàbá ńkọ́?"

Mo ní wọ́n wà ní Sokodé. Ó ní ilẹ̀ ló gbẹ; kí n yọ firísà kúrò lára iná, kí n bomi sídìí ọ̀pá dáadáa, kí n sì wá firísà mìíràn, torí inú èyí ni iná ti ń jò.

Mo gbé bùtà Bàbá lọ sẹ́yìn ilé. Mo fẹ́ kàn da omi náà, ojú tì mí níwájú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ewé rẹ̀ ti ń pọ́n. Mo jókòó lórí òkúta wọn, mo fọ ọwọ́, mo yọ ẹnu, mo fọ ojú títí dé ẹsẹ̀. Bí mo ṣe parí ni wọ́n ń pe ìrun Àìlá. Kí ni èèyàn ń fi ẹsẹ̀ tó ti fọ̀ ṣe? Mo kírun. Ní ìrọ̀lẹ́ mo pe Bàbá ní Sokodé, mo ròyìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín náà lẹ́nu wọn.

"Ìyàwó, firísà ti ṣe ohun tí àfáà ò rí ṣe."

Bàbá ò padà wálé mọ́. Mo ti ra firísà tuntun, kì í gé ẹnikẹ́ni jẹ. Oníná ní síbẹ̀síbẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbẹ, ọkọ mi bá ra rọ́bà gígùn kan tí a ó máa fi fa omi débẹ̀. Mo fi rọ́bà náà kọ́ sára ògiri, ó wà níbẹ̀. Bí àsìkò ìrun bá tó, mo máa ń fi àwọn oníbàárà sílẹ̀ nídìí ẹja, wọ́n á sì máa kùn. Mo máa ń ní kí wọ́n ṣe sùúrù, omi Bàbá ni mo fẹ́ lọ dà.